Ẹ Yọ̀ǹda Ògiri Etí Kánàlì fún Àwọn Ọ̀dọ́

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù àti ayálégbé inú Ẹ́síteètì Jakande, Ìsọlọ̀, ọ̀rọ̀ ògiri ni mo bá wá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Kìn-ín-ní 2002, bọ́ǹbù tí àwọn sójà kó pamọ́ sí bárékè Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàù. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó dé. Kálukú gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sá. Ọ̀pọ̀ sá títí dé Òkè-Àfà níbí nínú òkùnkùn. Ojú oró ti bo kánàlì, wọ́n rò pé ilẹ̀ ni. Àwọn tó kú nínú ìjàǹbá náà lé ní 1,000, ọmọdé pọ̀ nínú wọn, omi ẹ̀gbẹ́ wa yìí ló sì gbé ọ̀pọ̀ lọ.

Òkúta ìrántí wà ní Òkè-Àfà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà léèrè ohun tó mọ̀ nípa omi tó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Èmi ti béèrè. Ohun tí mo gbọ́ kò tó nǹkan, ó sì dùn mí.

Ọmọ yẹn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú. Ní oṣù Kẹwàá 2020, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kún Aláùsá àti too-geètì Lẹ́kí nítorí SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń dá ọ̀dọ́ dúró nígbà náà torí pé ó gbé láàpútọ́ọ̀pù tàbí pé ó dirun. Orin, àwòrán àti àsíá ni wọ́n kó lọ. Sójà yìnbọn ní Lẹ́kí lálẹ́ ọjọ́ 20. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Doris Okuwobi darí láti wádìí ọ̀rọ̀ náà kó àbọ̀ fún ìjọba ní oṣù Kọkànlá 2021. Mélòó nínú wa ló ka àbọ̀ ọ̀hún? Àwòrán àsíá tí ẹ̀jẹ̀ ta sí ni gbogbo wa rántí.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà ń bẹ̀rù. Lẹ́yìn Lẹ́kí, wọ́n sun kóòtù Ìgbóṣẹré, wọ́n sun bọ́ọ̀sì BRT ní Òyìngbò. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àsọdùn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tí pípa ẹnu mọ́ ti ṣe fún wa. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Akíntọ́lá ń darí fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ògúndé nítorí eré Yorùbá Ronú. Ṣé ilẹ̀ náà tòrò? Kò pé ọdún méjì tí gbogbo rẹ̀ fi gbiná, Fájuyì, gómìnà ológun, ló fagi lé òfin náà ní 1966. Ní 2004, wọ́n ní kí rédíò má lu orin Jaga Jaga tí Eedris Abdulkareem kọ. Inú dáńfó la ti ń gbọ́ ọ.

Ẹ wá wo ohun tí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ lè ṣe. Ní Sẹ̀nẹ̀gà ní 2011, àwọn olórin ráàpù àti oníròyìn dá ẹgbẹ́ Y'en a Marre sílẹ̀. Wọ́n kọrin bú ìyà, wọ́n sì ní kí ọ̀dọ́ lọ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Lọ́dún kejì, ìbò ló gbé Ààrẹ Abdoulaye Wade kúrò lórí àlééfà.

Lateef Jakande tó kọ́ ilé wọ̀nyí fún mẹ̀kúnnù, oníwèé ìròyìn ni kó tó di gómìnà ní 1979. Kò yẹ kí ẹ́síteètì rẹ̀ máa bẹ̀rù ọ̀rọ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju èyí lọ: kí ẹgbẹ́ onílé àti káńsù fi ògiri etí kánàlì lé àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́, kí wọ́n ra ọ̀dà, kí ẹnikẹ́ni má sì gba àwòrán lọ́wọ́ wọn wò kí wọ́n tó kùn ún, bí kò bá ti ní èébú ẹ̀yà tàbí ti ẹ̀sìn. Bí àwòrán bá ta wá lára, ẹ pe ìpàdé, kí ọmọ tó kùn ún jókòó sáàárín wa, kó sọ ìdí rẹ̀. Ẹ má pa á rẹ́ lóru. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 39, fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀dà àkọ́kọ́ wà lára ògiri náà kó tó di 27 oṣù Kìn-ín-ní tó ń bọ̀.