Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọmọ yẹn!

Ẹ dúró ní Fájuyì, l'Ádó-Èkìtì níbí, ẹ ó rí ọmọ iṣẹ́ tí irùngbọ̀n ò tíì hù, tó ń wa mọ́tò oníbàárà. Wọ́n á ní, "Ó kàn lọ dán búréèkì wò ni." Búréèkì tí ọ̀gá fúnra ẹ̀ ò tíì mọ̀ bóyá ó ti mú!

Òfin ní kò gbọdọ̀ gba láísẹ́ǹsì títí yóò fi pé ọmọ ọdún 18. Yóò kọ́kọ́ gba ìwé ìkọ́mọ́tò, yóò lẹ "L", VIO yóò sì dán an wò. Àmọ́ àwọn mìíràn ń sanwó, wọ́n jókòó sílé, láísẹ́ǹsì sì ń bá wọn níbẹ̀.

Láti 1987 ni New Zealand ti ń fún àwọn ọ̀dọ́ ní láísẹ́ǹsì díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá wakọ̀ kò gbọdọ̀ jáde láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí márùn-ún ìdájí, kò sì gbọdọ̀ kó ọ̀rẹ́, àfi tí àgbà awakọ̀ bá jókòó tì í. Òru àti ariwo ọ̀rẹ́ lewu fún ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ò tíì balẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ẹni tó gba tiẹ̀ lónìí lè kó ọ̀rẹ́ mẹ́rin lọ Ìyìn lóru òní.

Ẹ kọ̀wé sí wa: ní ṣọ́ọ̀bù tiyín, ta ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́?