Òdòdó Ọgbà: Ẹ Má Jẹ́ Kó Ga Kí Ẹ Tó Gé E

Ọ̀pọ̀ onílé tó gbin òdòdó yí ilé rẹ̀ ká, ìbáà ṣe ìsórà tàbí làpálàpá, ló máa ń fi í sílẹ̀ kó kọ́kọ́ ga, kó tó wá ẹni tí yóò gé e. Èrò rẹ̀ ni pé bó bá ṣe ń ga ni yóò máa dí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣóńṣó ẹ̀ka ló ń ṣe ọ̀gá fún àwọn èéhù ẹ̀gbẹ́: omi ara tó ń ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n rú. Bí a bá gé ṣóńṣó náà kúrò, èéhù méjì tàbí mẹ́ta á yọ nísàlẹ̀ ojú ibi tí a gé. Ìdí nìyí tí òdòdó tí a ń gé láti kékeré fi ń dí láti ilẹ̀, tí èyí tí a fi sílẹ̀ sì ń ga gbọọrọ, tí ewúrẹ́ ń gba ìdí rẹ̀ wọlé. Láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ìrísí náà ṣe pàtàkì. Ìsàlẹ̀ ló yẹ kó fẹ̀ ju òkè lọ díẹ̀, nítorí bí òkè bá fẹ̀ jù, yóò ṣíji bo ìsàlẹ̀, ewé ibẹ̀ á sì wọ́ dànù. Ẹ ta okùn láàárín igi méjì kí ojú rẹ̀ lè gún, kí ẹ sì fi àlùmágàjí ńlá tó mú gé e. Àdá tó kú máa ń ya èèpo, ojú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àrùn sì ń gbà wọ igi.

Àwọn kan á ní ògiri búlọ́ọ̀kù sàn jù, pé owó ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Òótọ́ ni pé òdòdó kò lè dá olè dúró bí ògiri. Ṣùgbọ́n omi òjò ń gba inú rẹ̀ kọjá, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń di ilẹ̀ mú. Ní ti owó, ẹ̀ka tútù kò gba àkókò láti gé; èyí tó ti le, tó ń béèrè ayùn, ló ń náni lówó. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù ejò. Ibi tí pàǹtí, igbó àti eku bá wà ni ejò ń sá pamọ́ sí, nítorí náà ẹ máa gbá ìdí òdòdó mọ́.

Ewu tòótọ́ wà lára èso làpálàpá, tó ní májèlé, tí ọmọdé sì lè jẹ. Ṣùgbọ́n ṣóńṣó ẹ̀ka ni òdòdó rẹ̀ ti ń yọ, nítorí náà gígé déédéé ń dín èso kù. Síbẹ̀, níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré, ẹ gbin nǹkan mìíràn. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, tí òdòdó tuntun sì ga tó orúnkún, ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì máa rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ títí ọyẹ́ yóò fi dé.