Asẹ́ Kan Kò Lè Ṣọ́ Ímeèlì Gbogbo Òṣìṣẹ́

Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ọ̀gá àgbà tó ń mójú tó ìṣúná ní Unatrac, iléeṣẹ́ tó wà ní ìlú Ọba tó sì ń bá Caterpillar ta ẹ̀rọ ìwalẹ̀ sí ilẹ̀ òkèèrè, rí ímeèlì kan gbà. Ó tẹ ohun tí wọ́n ní kó tẹ̀, ojú ewé kan tó jọ ti Microsoft sì ṣí. Ibẹ̀ ló kọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sí. Kí oṣù náà tó parí, owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 11 dọ́là ti kúrò lápò iléeṣẹ́ náà. Obinwanne Okeke, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Invictus Obi, gba ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lórí ọ̀ràn yìí ní Amẹ́ríkà ní oṣù kejì ọdún 2021.

Owó náà ni gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ lé lórí. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó kọ gbogbo ọ́fíìsì lóminú ni bí àwọn oníjìbìtì náà ṣe fara pamọ́. Bí wọ́n ti wọ inú ímeèlì ọ̀gá yìí ni wọ́n ṣètò asẹ́, ìyẹn òfin tó ń ya lẹ́tà sọ́tọ̀, síbẹ̀: lẹ́tà tó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìṣúná wá kò ní dé ojú rẹ̀, yóò gba ibòmíràn lọ, yóò sì hàn bí èyí tí a ti kà. Wọ́n ń fi orúkọ ọ̀gá pàṣẹ owó sísan, ọ̀gá kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń bi òun léèrè ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Agbaja, ìlú àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ tó wà lórí òkè pẹrẹsẹ nítòsí Lọ́kọ́ja. Irin ló wà nínú òkúta ibẹ̀. Kogi Iron, iléeṣẹ́ láti Ọsirélíà, kéde pé òkúta náà tó mílíọ̀nù 586 tọ́ọ̀nù. Ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ olówó iyebíye ni wọ́n ń rà, orí ímeèlì sì ni ìwé owó ń gbà láàárín Lọ́kọ́ja, Àbújá àti òkèèrè. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó ní “a ti yí nọ́ńbà àkáǹtì wa padà” ti tó láti gbé owó náà lọ.

Ìyá tó ń sẹ́ ògì kì í fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ èlùbọ́ ṣe é; bẹ́ẹ̀ náà ni asẹ́ ímeèlì tó bá òṣìṣẹ́ kan mu lè má bá òmíràn mu. Ẹ wo Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Lọ́kọ́ja láti ọdún 2011. Irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní àwọn tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, tí ìwé máa ń ti ọ̀dọ̀ àjèjì wá bá lójoojúmọ́. Ó ní àwọn akáǹtáǹtì náà, tí kò sí ìdí kankan kí àjèjì fi fáìlì ránṣẹ́ sí wọn láìjẹ́ pé ẹ̀rọ kọ́kọ́ dá a dúró yẹ̀ wò. Tí asẹ́ bá le jù fún àwọn ti àkọ́kọ́, ìwé ọmọ ọlọ́mọ á há. Tó bá rọ̀ jù fún àwọn ti ìkejì, owó lọ nìyẹn. Google àti Microsoft ti fún alábòójútó ímeèlì láǹfààní láti pín òṣìṣẹ́ sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀. Iṣẹ́ náà kò gba ju kí ẹnì kan jókòó tì í.

Àmọ́ ọ́fíìsì tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń fi àdírẹ́sì Yahoo tàbí Gmail ti ara wọn ṣiṣẹ́ ìjọba kò lè ṣe èyí rárá, nítorí kò ní ọ̀wọ́ tí yóò pín. Ìwà yẹn gbọ́dọ̀ dópin.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé asẹ́ yóò sọ ọ̀gá di ẹni tó ń ka lẹ́tà gbogbo èèyàn. Ìbẹ̀rù náà tọ́. Òfin ààbò ìwífún ara ẹni tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 kò fàyè gba kí wọ́n máa tú ọ̀rọ̀ èèyàn wò bó ṣe wù wọ́n. Kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó lè ṣí lẹ́tà tí ẹ̀rọ dá dúró sílẹ̀, kí gbogbo òṣìṣẹ́ sì mọ̀ wọ́n.

Fún àwọn tó ń san owó, ohun méjì ló ṣáájú. Èkíní, kí ímeèlì wọn má lè máa dá lẹ́tà darí síta fúnra rẹ̀. Microsoft ti ń dí ọ̀nà yìí láti ọdún 2020, àmọ́ alábòójútó lè ṣí i, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Èkejì, kí alábòójútó máa wo gbogbo asẹ́ tó wà nínú ímeèlì àwọn akáǹtáǹtì lóṣooṣù, kó sì fi fóònù pe ẹni tó ni ímeèlì náà láti bi í bóyá òun ló ṣètò rẹ̀.