Kí Ni Dátà Wa Ń Rà Wálé?

Ọ̀rọ̀ fóònù la fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, NCC, àjọ tó ń mójú tó iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, gbà kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa. Àfikún náà lè tó 50%. Ó di dandan báyìí kí ìdílé máa ṣírò owó dátà bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó gàrí. Bí ẹ bá ra gàrí, gbogbo ilé ló ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá ra dátà ńkọ́, kí ló ń bá a wọlé?

Ọ̀pọ̀ wa kì í yan ohun tí à ń wò. A ó ṣí YouTube, a ó wo ohun tó bá kọ́kọ́ yọjú, èyí tó tẹ̀ lé e á sì bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní 2005 ni YouTube bẹ̀rẹ̀, Google sì rà á ní 2006. Láti 2012 ni wọ́n ti fi iye àkókò tí ènìyàn fi ń wo fídíò ṣe òṣùwọ̀n pàtàkì fún ohun tí wọn yóò gbé síwájú wa. Ìyẹn ni pé ohun tó lè dá wa dúró pẹ́ ni ẹ̀rọ náà ń wá. Kò mọ̀ bóyá kòkó wa ń jẹrà lórí igi, kò sì mọ̀ bóyá ọmọ ọwọ́ wa kọ ọmú. Nítorí èyí, fídíò tí ènìyàn díẹ̀ ń wò lè ṣe wá láǹfààní ju èyí tí ọ̀kẹ́ àìmọye ti wò lọ, ṣùgbọ́n kò ní wá wa wálé. Àwa la máa wá a lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ tọ́ka sí àwọn ìkànnì mélòó kan tí ariwo wọn kò pọ̀, kí ẹ lè wá wọn lórúkọ.

FÚN ÀWỌN ÀGBẸ̀

Ẹ wá Access Agriculture. Láti 2012 ni àjọ yìí ti ń kó fídíò iṣẹ́ àgbẹ̀ jọ. Orí oko ni wọ́n ti máa ń ya wọ́n, àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ló sì máa ń sọ̀rọ̀ nínú wọn. Èdè tí wọ́n ti lò lé ní 100, Yorùbá sì wà lára wọn. Ẹ ó rí ẹ̀kọ́ lórí ẹ̀gẹ́, ìrẹsì, ẹ̀fọ́, ohun ọ̀sìn àti bí a ṣe ń tọ́jú ilẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè dáńlóòdù fídíò náà, ẹ sì lè dáńlóòdù ohùn nìkan bí fóònù yín bá kéré. Àgbẹ̀ tí kò lè ka ìwé kò ní pàdánù ohunkóhun níbẹ̀, nítorí pé ọwọ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ló máa wò.

FÚN ÀWỌN TÓ Ń TỌ́JÚ OÚNJẸ PAMỌ́

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Àwọn kan ń da oògùn Sniper sí ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Dichlorvos ni májèlé tó wà nínú rẹ̀. Ní 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí májèlé yìí, wọ́n sì sún òfin náà síwájú lẹ́yìn náà. Ní 2019, NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀, èyí tí kò ju 100ml lọ. Ará Yúróòpù ti kọ ẹ̀wà náà fún ọmọ tiwọn. Ṣé ọmọ tiwa ló yẹ kó wá jẹ ẹ́?

Ẹ wá SAWBO. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ní ìpínlẹ̀ Illinois, ní Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kàtúùnù kékeré ni wọ́n ń ṣe, tí wọ́n sì ń fi ohùn oríṣiríṣi èdè sí i, títí kan Yorùbá. Ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ wọn ni bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀wà sínú kẹ́gì láìsí oògùn. Ẹ sá ẹ̀wà kó gbẹ dáadáa. Ẹ wá kẹ́gì tó mọ́, tí kò gba kẹrosíìnì tàbí oògùn rí. Ẹ rọ ẹ̀wà kún un dé ẹnu kí àyè má ṣẹ́kù fún afẹ́fẹ́, kí ẹ sì dé e pinpin. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ yóò lo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, yóò sì kú. Ẹ má ṣe máa ṣí i nígbà gbogbo. Ohun tí owó ẹ̀ náà kò ju owó kẹ́gì lọ nìyẹn, kò sì sí májèlé nínú rẹ̀.

FÚN ÀWỌN ABIYAMỌ

Ìpínlẹ̀ Oǹdó kì í ṣe àjèjì sí lílo fóònù láti gba ẹ̀mí là. Ní 2009, nígbà tí ètò Abiyè bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ́rẹ̀, wọ́n fún àwọn aláboyún ní fóònù kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ ìlera nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Fóònù tí à ń lò lónìí lè ṣe ju ìpè lọ. Ẹ wá Global Health Media Project. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti àwọn ìyá ni wọ́n ń ṣe fídíò fún, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè. Wọ́n ń fi bí a ṣe ń gbé ọmọ sẹ́nu ọmú hàn, àti àmì ewu lára ọmọ tuntun: ọmọ tí kò mu ọmú mọ́, tí ara rẹ̀ gbóná jù tàbí tó tutù jù, tàbí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ gbọ́ o: fídíò kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá rí àmì wọ̀nyí, ẹ gbé ọmọ lọ sí ibùdó ìlera lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tí fídíò náà ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ẹ tètè mọ àmì náà.

FÚN ÀWỌN ỌMỌDÉ

Ọmọ wa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé, ó tún gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú kàtúùnù. Ẹ wá Bino and Fino. Ọmọ Nàìjíríà kan tó ń jẹ́ Adamu Waziri ló dá a sílẹ̀ ní Àbújá. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan tó ń gbé lọ́dọ̀ bàbá àgbà àti ìyá àgbà ni ìtàn náà dá lé. Wọ́n ti fi ohùn Yorùbá sí díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá a, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà "Yoruba" kún orúkọ rẹ̀. Bí ọmọ bá wò ó tán, kí ìyá àgbà tó wà nílé sọ ìtàn tirẹ̀ náà ní ẹ̀ka èdè Ìdànrè, nítorí pé Yorùbá tí wọ́n ń sọ nínú fídíò kì í ṣe ti ilé wa.

FÚN GBOGBO ARÁ ÌLÚ

Ẹ wá BudgIT. Ní Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2011, láti máa ṣàlàyé ìṣúná ìjọba fún ará ìlú. Ní 2014 ni wọ́n dá Tracka sílẹ̀, kí àwọn ará àdúgbò lè máa wo iṣẹ́ tí ìjọba kọ sínú ìṣúná bóyá wọ́n ṣe é lóòótọ́. Bọ́hóòlù tó wà nínú ìwé, ṣé omi ń jáde níbẹ̀? Kíláàsì tí wọ́n ní àwọn kọ́, níbo ló wà? Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú fídíò wọn, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti jáde sẹ́kọ́ńdírì lè máa túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbà. Ẹ rántí pẹ̀lú pé Òfin Òmìnira Ìròyìn ti wà láti 2011. Ó ní kí iléeṣẹ́ ìjọba dáhùn ìbéèrè ará ìlú láàárín ọjọ́ 7. Ní 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé òfin náà de ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀. Ẹni tó mọ èyí kò ní máa fi ìkùnsínú ṣe ohun tí ó yẹ kó fi ìwé béèrè.

Ẹ ó bi wá pé, báwo la ṣe máa mọ ìkànnì tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé? Ẹ béèrè ohun mẹ́rin. Ta ló ṣe é, ṣé ó fi orúkọ rẹ̀ hàn? Ṣé ó ń ta oògùn ní ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀? Ṣé ó ń ṣèlérí owó òjijì? Ṣé ohun tó sọ bá ti nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ẹ mọ̀ mu? Fídíò tó ní ewé kan ṣoṣo ń wo àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti jẹjẹrẹ pa pọ̀, ẹ yára pa á dé.

Ní ti owó dátà, ọgbọ́n wà fún un. Lórí YouTube, ẹ lè dín bí àwòrán ṣe mọ́ tó kù sí 360p tàbí 144p, dátà tí yóò jẹ á sì dín kù púpọ̀. Ọgbọ́n tó ju èyí lọ ni pé kí ẹnì kan dáńlóòdù rẹ̀, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì wò ó. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ ní Gánà, níbi tí kòkó ti jẹ́ iṣẹ́ àwọn ènìyàn bí ó ti jẹ́ tiwa. Láti 2006 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ awòfídíò sílẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀ kòkó níbẹ̀, wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ní ọ̀kúnkúndùn, nítorí pé iṣẹ́ ilé kì í jẹ́ kí wọ́n ráyè lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ orí oko. Wọ́n ń péjọ, wọ́n ń wo fídíò lórí ìtọ́jú oko kòkó, wọ́n ń dá a dúró, wọ́n ń jiyàn lórí rẹ̀, wọ́n sì ń lọ dán an wò lóko. Ìjíròrò yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ẹni tó dá wò ó lórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ lè sùn lọ kó sì gbàgbé. Ẹni tó wò ó pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀ á rí ẹni tó máa bi í léèrè pé, "Ṣé o ti gé ẹ̀ka tó ṣú bo kòkó rẹ? Ṣé o ti ká àwọn èso tó ti di dúdú kúrò?"

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, "Ó ti rẹ̀ mí láti oko, ẹ̀rín ni mo fẹ́ rín." Ẹ rín o, ẹ̀rín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi wákàtí kan rẹ́rìn-ín, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ́ ohun kan. Àwọn mìíràn yóò sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni láti rán olùkọ́ àgbẹ̀ àti agbẹ̀bí sí wa. Òótọ́ ni, a kò sì gbọ́dọ̀ dákẹ́ lórí rẹ̀. Fídíò kò lè rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ti rí bí iṣẹ́ ṣe yẹ kó rí ló mọ ohun tó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ ìjọba.

Nítorí náà, a rọ ìjọ kọ̀ọ̀kan ní Aládé pé kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù, lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀pọ̀ ìjọ ló ti ní tẹlifíṣọ̀n àti jẹnẹrétọ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ dáńlóòdù fídíò méjì ṣáájú ọjọ́ náà, ọ̀kan fún oko, ọ̀kan fún ilé. Kí a wò ó, kí a jíròrò rẹ̀, kí olúkúlùkù sì sọ ohun kan tí yóò ṣe kí oṣù tó ń bọ̀ tó dé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìmọ̀ tó lè gba ọmọ lọ́wọ́ ikú àti kòkó lọ́wọ́ ìjẹrà kò yẹ kó jẹ́ ti olówó dátà nìkan. Bí ẹnì kan láàárín wa bá ti rà á, kí gbogbo wa jẹ níbẹ̀.