Ẹ Háyà Ilé Ná, Kí Ẹ Tó Ra Ilẹ̀ ní Gberefu

Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Àgbádárìgì lọ sí erékùṣù Gberefu tẹ́lẹ̀, àwọn ará erékùṣù náà ni àti àwọn àlejò tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ tọ ọ̀nà iyanrìn tí wọ́n mú àwọn ẹrú gbà dé etí òkun, níbi tí wọ́n ń pè ní Point of No Return. Ní báyìí, àwọn tó ń wá ilẹ̀ ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan fẹ́ fẹ̀yìn tì, ariwo Mushin sì ti sú u. Wọ́n gbé ẹlòmíràn lọ sí bodè Sẹ̀mẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá òun yóò pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ wa kan wà ní Peckham, ó fẹ́ kí ilé òun kọjú sí òkun kó tó padà wálé. Ohun tí gbogbo wọn ń bèèrè ò ju ọ̀kan lọ: ṣé kí n rà á ni, àbí kí n háyà?

Ẹ háyà ná. Ẹ gbé ibẹ̀ fún ọdún kan gbáko, kí òjò rọ̀ tán lójú yín, kí ọyẹ́ náà fẹ́ lójú yín, kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni nítorí ilẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ò dùn ún gbọ́ létí ọmọ Yorùbá tó ti pé ẹni àádọ́ta ọdún. Bí wọ́n bá jókòó sí òde àríyá, tí ẹnì kan bèèrè pé níbo lẹ kọ́lé sí, ojú máa ń ti ayálégbé. Ìtìjú yẹn ló ń lé ọ̀pọ̀ wa lọ sọ́wọ́ ẹni tó ń ta ilẹ̀. A máa ń sọ pé owó ilé tí à ń san fún lańlọ́ọ̀dù ti wọgbó, a kì í sì í ka iye owó ilẹ̀ tó ti wọ inú omi àti inú ẹjọ́. Ní Gberefu, méjèèjì ló wà nítòsí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí omi bẹ̀rẹ̀. Iyanrìn ni Gberefu, ọ̀sà wà lẹ́yìn rẹ̀, òkun wà níwájú. Ní etíkun wa yìí, ìgbì kì í sinmi: ó ń kó iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn lọ́sàn-án lóru. Bí wọ́n bá wá to òkúta wọnú òkun láti fi ṣe èbúté, iyanrìn á gbá jọ sí apá ìwọ̀ oòrùn òkúta náà, apá ìlà oòrùn ò sì ní rí èyí tí yóò fi rọ́pò ohun tí omi ń gbé lọ. Bó ṣe rí ní Lomé nìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ èbúté ibẹ̀ láwọn ọdún 1960. Òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ lọ síhà Agbodrafo àti Aného, ó jẹ ilé, ó jẹ oko àgbọn. Kutọnu náà rí tirẹ̀. Nílé wa níbí, 1908 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó. Bar Beach tó wà ní ìlà oòrùn rẹ̀ ló san gbèsè náà fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, títí wọ́n fi wá mọ ògiri Eko Atlantic síwájú òkun. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ etíkun Kuramo ní Èkó, ó sì gbé èèyàn lọ. Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà kan, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ti wà lábẹ́ omi báyìí.

Kí ló kan Gberefu nínú èyí? Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ìjọba ti ń sọ̀rọ̀ èbúté ńlá tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí etíkun Àgbádárìgì. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ ò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu: “Pọ́ọ̀tù ń bọ̀, ẹ tètè ra tiyín.” Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí wọ́n ń sọ. Bí èbúté bá dé lóòótọ́, ilẹ̀ tó bá bọ́ sáàárín rẹ̀, ìjọba ló máa gbà á. Èyí tó bá wà ní ìlà oòrùn rẹ̀, kí onílẹ̀ máa ṣọ́ òkun. Bí kò bá sì dé, owó pọ́ọ̀tù lẹ ti san lórí ilẹ̀ tí ò ní pọ́ọ̀tù. Ayálégbé lè kó ẹrù rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá yí padà. Ẹni tó ti ri ìpìlẹ̀ sínú iyanrìn ńkọ́?

Bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pọ́ọ̀tù ta ilẹ̀ náà ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà tà á. Ní 2009 ni ìjọba Fáṣọlá, gómìnà Èkó nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ títì Èkó sí Àgbádárìgì lójú. Rélùwéè tí wọ́n ní yóò bá títì náà rìn dé Òkókómáìkò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Mile 2 ló sì kọ́kọ́ mọ sí. Ẹni tó bá fi ìlérí ìjọba ṣírò iye tí ilẹ̀ rẹ̀ yóò di lọ́dún márùn-ún sí i, ó yẹ kó fi ọdún wọ̀nyẹn síwájú ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń tan ara wọn. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978, tí wọ́n ń pè ní Land Use Act, ló fún gómìnà lágbára láti gba ilẹ̀ fún ohun tí gbogbo ìlú máa jàǹfààní. Inú abala 28 ló wà. Abala 29 ló sọ ohun tí wọ́n máa san: owó ilé tẹ́ ẹ kọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ti ogbó rẹ̀, àti owó ohun ọ̀gbìn. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, iye owó ilẹ̀ tẹ́ ẹ san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gbà á lòfin sọ. Mílíọ̀nù tẹ́ ẹ kà fún ìdílé tó tà á fún yín ò sí nínú ìṣirò náà rárá. Ẹni tó bá ra pílọ́ọ̀tù mẹ́rin kalẹ̀, tó ní òun ń dúró de pọ́ọ̀tù, kó tún abala yẹn kà.

A rí àpẹẹrẹ rẹ̀ ní 2024, nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí títì etíkun láti Èkó dé Kàlàbá. Ìjọba àpapọ̀ ní mítà 250 láti etí òkun wọlé, tàwọn ni. Wọ́n wó ilé ìtajà àti ibi ìgbafẹ́ ní etíkun Landmark ní Èkó. Nígbà tí wọ́n tún ní àwọn fẹ́ yà fún wáyà tó gba abẹ́ òkun, ọ̀nà náà yí gba Òkun-Àjà, ó sì kan ilẹ̀ táwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun ti fi owó wọn rà, tí wọ́n sì ń tẹnu mọ́ ọn pé ìwé àwọn pé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo fọ́tò ilẹ̀ létí òkun lórí WhatsApp láti London tàbí Houston, ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye mítà tó wà láàárín rẹ̀ àti omi.

Nísinsìnyí, ta ló ni ín? Ilẹ̀ ìdílé ló pọ̀ jù níbẹ̀, láàárín àwọn Ègùn àti àwọn Ewé tó ti ń pẹja láti ìran wá. Ẹni tó mú yín wo ilẹ̀ lè jẹ́ ọmọ onílẹ̀ gidi, kó má sì ní agbára láti tà á. Láti ìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ni ilé ẹjọ́ ti là á mọ́lẹ̀: bí àwọn ọmọ ìdílé bá tà láìsí olórí ẹbí, títà náà ò jẹ́ títà rárá. Bí olórí ẹbí bá tà láìbá àwọn àgbà ìdílé sọ ọ́, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ fagi lé e. Ẹ wo rìsíìtì tí wọ́n máa ń fún èèyàn. Ojú ewé kan tí wọ́n ya lára ìwé rìsíìtì ọjà ni. Orúkọ yín, iye owó, “for land”, ọ̀rọ̀ parí. Kò sí bí ilẹ̀ náà ṣe tó, kò sí nọ́ńbà sọ́fèè, ẹnì kan ṣoṣo ló fọwọ́ sí i, ẹ ò sì mọ ipò rẹ̀ nínú ẹbí. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ọdún 2016 ti ka owó táwọn ọmọ onílẹ̀ ń fipá gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé léèwọ̀. Òfin dára, àmọ́ ọlọ́pàá tẹ́ ẹ máa pè, ó ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ọdún kan tẹ́ ẹ bá fi háyà ló máa fi hàn yín ẹni tí wọ́n ń kí tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀ nínú ìdílé, ẹni tí wọ́n ń yẹra fún, àti ilẹ̀ tí ìdílé méjì ń jà lé lórí. Kò sí lọ́yà tó lè bá yín gbọ́ gbogbo ìyẹn láti Ìkẹjà.

Yóò tún kọ́ yín ní ohun tí ìgbé ayé ibẹ̀ ń ná èèyàn. Owó ọkọ̀ lálọ, owó ọkọ̀ lábọ̀, lójoojúmọ́. Bí ọmọ bá ń gbóná lóru, ọsibítù ìjọba wà lódìkejì ọ̀sà. Sìmẹ́ǹtì, irin àti páànù ni ẹ máa kó sínú ọkọ̀, ẹ máa kó o sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tún wá ẹni tó máa rù ú gba inú iyanrìn. Iyanrìn tó sì kún ibẹ̀ yẹn, iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Bíríkìlà tó bá fi po kọnkéré láìra ṣáàpù sáǹdì odò, irin inú òpó yóò dógùn-ún, òpó á sì là. Ẹ wo páànù ilé tó ti pẹ́ níbẹ̀ àti ìdè fèrèsé rẹ̀, ẹ ó rí ohun tí atẹ́gùn òkun ń fi irin ṣe.

Ilé àyágbé ò pọ̀ ní erékùṣù náà. Bí ẹ ò bá rí, ẹ háyà sí Ajara, Tòpó tàbí Ìbẹrẹ́kò, kí ẹ máa sọdá. Ìlú Àgbádárìgì kúkú mọ àlejò tí kì í pẹ́: wọ́n parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà síbẹ̀ ní 1845, ní 1846 míṣọ́nnárì Townsend ti kó lọ sí Abẹ́òkúta. Ayálégbé náà ní ẹ̀tọ́. Òfin ilé yíyá Èkó ti ọdún 2011 ní kí lańlọ́ọ̀dù má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, kó fún un ní rìsíìtì. Ẹni tó ń san lọ́dọọdún, bí kò bá sí ohun mìíràn nínú àgírímẹ́ǹtì, oṣù mẹ́fà ni nótíìsì rẹ̀. Ejẹ́ǹtì tó bá ní ọdún méjì ni kí ẹ san, ẹ ka òfin náà fún un.

N ò ní kí ẹ má rà láéláé. Ẹni tó bá ti gbé ibẹ̀ tó sì fẹ́ràn rẹ̀, tó rí ilẹ̀ tó jìnnà sétí òkun, tí olórí ẹbí àtàwọn àgbà ìdílé jọ fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ lójú lọ́yà, kó rà á, kó sì gba ìwé ìyọ̀ǹda gómìnà. Ẹ má ṣe fi gbogbo gíráátúítì ra ilẹ̀, ẹ fi owó ilé kíkọ́ sílẹ̀, nítorí pé kí ìwé ìyọ̀ǹda náà tó jáde, báǹkì ò ní yá yín lówó kọ́lé lórí rìsíìtì ìdílé lásán.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san ohunkóhun, àsansílẹ̀ pàápàá, ẹ gba sọ́fèè ilẹ̀ náà, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa, kí wọ́n bá yín wò ó bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun tó fún yín ní sọ́fèè, ẹ má san fún un.