Ẹni Tó Fẹ́ Sin Ẹja, Omi Ni Kó Kọ́kọ́ Tọ́jú

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ nínú àpótí onígíláàsì nílé ló rò pé oúnjẹ nìkan ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Wọ́n á ra ẹja, wọ́n á máa fún un lóúnjẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, kó sì tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹja á ti máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ní ẹni tó tà á ló rẹ́ wọn jẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi ló pa á. Nínú odò, omi ń ṣàn, ó sì ń gbé ìdọ̀tí lọ. Nínú àpótí, ibi tí ẹja ti ń jẹun náà ló ti ń yàgbẹ́, ibẹ̀ náà ló sì ti ń mí. Iṣẹ́ tí odò ń ṣe fún ẹja ti di iṣẹ́ wa nìyẹn, kò sì ṣòro fún ẹni tó bá mọ ohun tó ń lọ nínú omi.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi

Bí ẹja ṣe ń mí ni amóníà ń ti ara rẹ̀ jáde sínú omi. Ìgbẹ́ rẹ̀ àti oúnjẹ tó jẹ kù tó ń rà nísàlẹ̀ náà ń di amóníà. Májèlé ni. Kódà bó kéré, ó ń ba ibi tí ẹja fi ń mí jẹ́. Bakitéríà ló ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí à ń pè ní Nitrosomonas ń sọ amóníà di náítíráìtì. Májèlé lòun náà, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹja lè gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara. Àwọn Nitrospira á wá sọ náítíráìtì yìí di náítíréètì, èyí tí ẹja lè fara dà bí kò bá pọ̀ jù.

Ara fóòmù inú fílítà, ara òkúta àti gíláàsì làwọn bakitéríà yìí ń gbé. Wọn kò tíì pọ̀ nínú àpótí tuntun. Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó lè kápá iṣẹ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹja inú àpótí tuntun fi máa ń kú. Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tí àpótí tirẹ̀ ti pẹ́, tí ara ẹja rẹ̀ sì le, ẹ tọrọ fóòmù díẹ̀ nínú fílítà rẹ̀, kí ẹ fi sínú tiyín. Ẹja méjì tàbí mẹ́ta ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó máa fi kún un.

Omi tó mọ́ lójú lè máa pa ẹja, nítorí ojú kò lè rí amóníà. Ẹ ra òògùn tí wọ́n fi ń yẹ omi wò lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́. Amóníà àti náítíráìtì gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Ẹ má ṣe jẹ́ kí náítíréètì kọjá mílígíráàmù 40 nínú lítà omi kan. Bí kò bá tó 20, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Pípààrọ̀ omi

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ojoojúmọ́ ni náítíréètì ń pọ̀ sí i, fílítà lásán kò sì lè mú un kúrò. Omi pípààrọ̀ ló ń mú un kúrò, ìdá kan nínú mẹ́rin lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ wọn gígùn, fífẹ̀ àti gíga àpótí yín ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, kí ẹ sì fi 1,000 pín in. Àpótí tó gùn ní 90, tó fẹ̀ ní 45, tó sì ga ní 45 ń gba nǹkan bíi lítà 182. Lítà 45 lẹ máa pààrọ̀, ìyẹn bokítì onílítà 20 méjì àti díẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo ẹ̀rọ kúrò lára iná. Ẹ ki ẹnu rọ́bà bọ àárín òkúta ìsàlẹ̀, kó máa fa ìdọ̀tí jáde sínú bokítì. Ẹ fi ẹja sílẹ̀ síbi tó wà. Ẹ má da gbogbo omi nù, ẹ má sì fi ọṣẹ fọ àpótí. Nítorí ìmọ́tótó lọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn bakitéríà ni wọ́n ń fọ̀ dànù.

Kólórínì wà nínú omi ẹ̀rọ ìjọba, ó sì ń pa ẹja àti bakitéríà. Òògùn tó ń pa kólórínì ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Omi bọ́hòlù sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ kólórínì, ṣùgbọ́n irin lè pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú bokítì. Bó bá pọ́n bí ohun tó dípẹtà, ẹ wá omi mìíràn.

Ẹ má sì máa da kẹ́míkà sí omi lójoojúmọ́ láti yí ìwà rẹ̀ padà. Ẹja tó bá omi yín mu ni kí ẹ rà. Kribensis, ẹja kékeré aláwọ̀ mèremère tí àwọn olùsìn ẹja kárí ayé mọ̀, inú odò gúúsù Nàìjíríà ló ti wá, omi tó rọ̀, ìyẹn èyí tí èròjà ilẹ̀ kò pọ̀ nínú rẹ̀, sì bá a lára mu. Àwọn ẹja adágún Màláwì ń fẹ́ omi tó le, ìyẹn èyí tí èròjà ilẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Kò yẹ kí ẹ kó àwọn méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀rọ àti iná

Bí omi tó ń jáde lẹ́nu fílítà bá ti ń falẹ̀, ẹ yọ fóòmù rẹ̀, kí ẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta nínú omi àpótí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sínú bokítì. Omi náà á dúdú. Bí omi bá ti lè gba inú fóòmù kọjá, ó tó. Kò pọn dandan kó funfun. Ẹ má gbé e sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi. Ẹ tú pọ́ǹpù náà, kí ẹ nu abẹ̀bẹ̀ kékeré tó ń yí nínú rẹ̀, nítorí ìdọ̀tí tó bá dì mọ́ ọn kì í jẹ́ kó yí dáadáa.

Bí wọ́n bá mú iná lọ, ewu dé. Afẹ́fẹ́ inú omi làwọn bakitéríà náà ń lò, bí omi kò bá sì gba inú fílítà kọjá fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀: ní dígírì 20, lítà omi kan lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9; ní dígírì 30, kò pé 8. Ẹ ní pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì nílé. Bí kò bá sí, ẹ máa fi ife bu omi àpótí, kí ẹ máa dà á padà láti òkè. Ẹ má fún ẹja lóúnjẹ títí iná á fi dé. Bí fílítà tó ní ìdérí bá sì ti wà láìṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ da omi inú rẹ̀ nù kí ẹ tó tún tàn án, kí omi tó ti bàjẹ́ níbẹ̀ má bàa wọ inú àpótí.

Ẹ gbé pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ síbi tó ga ju ojú omi lọ. Bó bá wà nísàlẹ̀, omi lè gba inú rọ́bà padà wọ inú rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ. Ẹ jẹ́ kí gbogbo waya kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ kó tó gòkè lọ síbi iná, kí omi tó bá ń tẹ̀ lé e lè kán sílẹ̀.

Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ omi àti ohun tí àyẹ̀wò sọ sí. Òun ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín pé nǹkan ń yí padà, kí ara ẹja tó sọ ọ́. Gbogbo iṣẹ́ yìí kò ju bíi wákàtí kan lọ́sẹ̀. Ẹja inú odò lè sá kúrò níbi tí omi ti bàjẹ́, ti inú àpótí kò ríbi sá lọ. Ẹni tí kò bá lè yọ̀ǹda wákàtí kan yẹn, kó má tíì ra ẹja.