ORÍ BÍBẸ́ KỌ́ NI OÒGÙN ORÍ FÍFỌ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ajá Tí Ń Gbó Tọ̀sán-tòru

Lóṣù yìí, n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí èlé tàbí ìpín èrè. Ọ̀rọ̀ ajá ni mo fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan á rẹ́rìn-ín, wọn á ní, “Ajá kẹ̀? Kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ ajá?” Ẹ fara balẹ̀ ná. Bí mo bá ṣàlàyé tán, ẹ óò gbà pé ó kàn wá.

Gbogbo wa la mọ̀ pé orí ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ bá wa rà, tí a pín láàárín ara wa, ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́lé sí. Ogiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti aládùúgbò mi. Ọmọ ẹgbẹ́ ni, nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ òru ló sì sábà máa ń ṣe. Èmi náà ní ajá kan, Bíńgò ni à ń pè é. Nígbà tí olè ń da àdúgbò wa láàmú ni mo rà á, mo sì so ó mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, lẹ́bàá ogiri yẹn gan-an. Bí ewúrẹ́ bá kọjá, Bíńgò á gbó. Bí ọmọ tó ń kiri búrẹ́dì bá ké, á gbó. Bí ọ̀kadà bá dún, á gbó. Bí n kò bá sí nílé, á gbó títí ohùn rẹ̀ á fi há. Èmi kì í gbọ́ ní tèmi, nítorí mo ti lọ sí ibi iṣẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé, tó fẹ́ gbé orí lé ìrọ̀rí, òun ló ń gbọ́ ọ.

Ó bá mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ajá yín wí.” Mo ní mo ti gbọ́. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, mo dá a lóhùn pé, “Ajá tí kì í gbó, kí ni wọ́n ń fi í ṣe?” Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ sígbà náà ni mo fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi parí òrùlé mi. Mo gbé fọ́ọ̀mù lọ bá a pé kó ṣe onídùúró mi gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe. Ó wo fọ́ọ̀mù, ó wò mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè dúró fún oorun mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró fún gbèsè yín?” Mo ká fọ́ọ̀mù mi, mo padà sílé. Ṣé ẹ ti wá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ajá ti kan ẹgbẹ́ báyìí?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé etí àwọn kan lẹ́yìn ìpàdé, oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi nímọ̀ràn. Ẹnì kan ní kí n tà á. Ẹni tó sì fẹ́ rà á, ìkòkò ọbẹ̀ ló ń wò, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà. Ẹlòmíràn ní bí n kò bá ṣọ́ra, ẹnì kan á fi májèlé sínú ẹran, á sì jù ú fún un. Ọ̀kan nínú wa tí ọmọ rẹ̀ ń gbé ní Amẹ́ríkà wá ní, “Kí ni gbogbo wàhálà yìí? Iṣẹ́ abẹ kan wà tí wọ́n fi ń gba ohùn lọ́fun ajá. Wọ́n á gé e, á dákẹ́, gbogbo yín á sùn.” Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo lọ bá dókítà ẹranko. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ àti ohun tí mo kà lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Nínú gògóńgò ajá, bíi tèmi bíi tiyín, awọ méjì kan wà tí àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá ń pè ní tán-án-ná. Èémí tó ń ti inú ẹ̀dọ̀fóró jáde ló ń gbọ̀n wọ́n tí ohùn fi ń dún. Dókítà á fún ajá ní abẹ́rẹ́ oorun, á sì gé lára awọ méjèèjì kúrò. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Àwọn kan ń gba ẹnu ajá wọlé, àwọn mìíràn ń la ọrùn rẹ̀ láti ìta. Àpá lè hù níbi tí wọ́n gé, ohùn sì lè padà wá díẹ̀díẹ̀. Kó yé wa pé ajá náà kò ní ya odi o. Yóò ṣì máa gbó, ṣùgbọ́n bí ẹni tí òtútù há lọ́fun ni yóò máa dún.

Àwọn tó fara mọ́ iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe ìkà ènìyàn, ó sì yẹ kí a gbọ́ tẹnu wọn. Wọ́n ní ó sàn kí ajá pàdánù ohùn ju kó pàdánù ilé tàbí ẹ̀mí lọ. Lókè òkun, bí aládùúgbò bá fi ẹjọ́ sùn, wọ́n lè bu owó ìtanràn lé olówó ajá, onílé sì lè ní kó kó jáde. Ajá á wá di èrò ibi tí wọ́n ń kó àwọn ajá tí kò ní olówó sí, níbi tí wọ́n ti lè fún un ní abẹ́rẹ́ ikú. Wọ́n ní ajá tí wọ́n ṣe é fún ṣì ń jẹun, ó ń ṣeré, ó sì bọ́ lọ́wọ́ ẹgba àti ariwo “dákẹ́!” Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtumọ̀. Ẹni tí májèlé ń dún mọ̀huru-mọ̀huru mọ́ ajá rẹ̀ kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko ti Amẹ́ríkà pàápàá kò kà á sí ohun tí à ń sáré ṣe. Wọ́n ní ìgbà tí gbogbo ọ̀nà yòókù bá ti kùnà la tó lè ronú kàn án.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ fi òfin dè é. Ní 1987, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe àdéhùn kan ní ìlú Strasbourg lórí ààbò ẹran ọ̀sìn inú ilé. Gbígba ohùn ajá wà lára ohun tí àdéhùn náà ní kí wọ́n fòfin dè, àyàfi bí dókítà bá rí i pé ó pọndandan fún ẹranko náà fúnra rẹ̀. Ní 2006, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ìtọ́jú ẹranko sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti gé ẹ̀yà ara ẹranko láìsí ìdí tí òfin fọwọ́ sí. Ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà fòfin de gbígba ohùn ajá ní 2010, bí kì í bá ṣe ti àìsàn.

Kò pọndandan kí a máa tẹ̀lé òyìnbó lẹ́yìn bí àgùntàn. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú ilẹ̀ tiwa wò ó. Ìdí mẹ́ta ni mo fi sọ pé n kò ní ṣe é.

Èkíní ni oòrùn. Ajá kì í làágùn bí ènìyàn. Mímí hẹlẹhẹlẹ pẹ̀lú ahọ́n níta ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Bí àpá abẹ bá hù nínú gògóńgò, tó sì fún ọ̀nà èémí pa, báwo ni ajá náà yóò ṣe la ooru oṣù Mááṣì kọjá nílẹ̀ wa?

Èkejì ni dìgbòlugi. Ọ̀kan nínú àmì àrùn náà ni pé ohùn ajá á yí padà, á há, kò sì ní lè gbé itọ́ mì. Bí abẹ bá ti sọ ohùn di háháhá tẹ́lẹ̀, ta ni yóò tètè fura? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré o. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, Éṣíà àti Áfíríkà ló sì pọ̀ sí jù. Ẹni tí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára rẹ̀, agbára káká ni kó tó yè é.

Ẹ̀kẹta ni pé gbígbó ajá, ìkìlọ̀ ni. Ọdẹ kì í fẹ́ kí ajá òun dákẹ́ nínú igbó, nítorí ohùn rẹ̀ ló fi ń mọ ibi tí ẹran wà. Ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́nu géètì, gbígbó ló ń jẹ́ kó dúró. Ajá tí a ti gba ohùn rẹ̀, eyín ló kù fún un láti fi sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo ń gbèjà ara mi. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà, ìbéèrè ló fi pàdé mi. Ó ní, “Bàbá, wákàtí mélòó ni ẹ fi ń so ó mọ́lẹ̀ lójúmọ́? Ìgbà wo lẹ mú un rìn kẹ́yìn? Kí ló ń rí láti ibi tó wà?” Ojú tì mí. Tàárọ̀ tàṣálẹ́ ni ajá náà wà lórí ṣéènì. N kò mú un rìn rí. Ihò ńlá kan wà lábẹ́ géètì tó ń gbà rí ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó ń kọjá. Dókítà wo etí rẹ̀, eégbọn ló kún ibẹ̀, egbò sì wà nínú rẹ̀. Ajá tí nǹkan ń jẹ létí, tó dá wà, tí kò rí iṣẹ́ ṣe, ẹ ní kó dákẹ́? Àìsàn kọ́ ni gbígbó yẹn. Ẹjọ́ ló ń rò, èmi ni n kò gbọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo lọ bẹ aládùúgbò mi. N kò ṣe àlàyé kankan, mo ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀bi mi ni.” Mo wá mú ìwé kékeré kan fún un, tó dà bíi pásíbúùkù ẹgbẹ́, mo bẹ̀ ẹ́ pé ìgbàkígbà tí ajá bá gbó tí n kò sí nílé, kó bá mi kọ aago sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìwé náà fi hàn pé ìgbà méjì ló burú jù: kété tí mo bá jáde láàárọ̀, àti ìgbà tí àwọn ọmọ iléèwé bá ń kọjá lọ́sàn-án.

A wá mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi páànù dí ihò abẹ́ géètì. Mo kó ilé ajá kúrò lẹ́bàá ogiri lọ sí apá kejì. Mo tú u kúrò lórí ṣéènì kó lè máa rìn nínú ọgbà. Kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo ń mú un rìn fún bí ìdajì wákàtí, n óò sì fún un ní eegun tí yóò máa họ. Bó bá gbó, n kì í pariwo mọ́ ọn mọ́. Dókítà ní bí a bá ń pariwo, ajá rò pé à ń bá òun gbó ni. N óò dúró kó dákẹ́, n óò ní “Ó tó,” n óò sì fún un ní ẹja gbígbẹ díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ó dà bí ẹni pé mo ń fi ẹja ṣòfò. Nígbà tó di oṣù kejì, ó ti mọ ohun tí “Ó tó” túmọ̀ sí.

Ṣé Bíńgò kò wá gbó mọ́ ni? Rárá o, ó ń gbó. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá dé ló ń gbó, á sì dákẹ́ bí a bá ti dá a lóhùn. Aládùúgbò mi sọ fún mi láìpẹ́ pé òun sùn títí aago méjì ọ̀sán, òun sì jí wò ó lójú ogiri bóyá ajá náà kú. Ní ti fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó mi, ó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀. N kò tíì gbé e padà lọ bá a. Mo fẹ́ kó sùn dáadáa fún oṣù díẹ̀ sí i ná. Ìgbẹ́kẹ̀lé kì í ṣe ohun tí à ń fi ẹnu san.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ajá, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ irú ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Ajá yín ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló ni ariwo rẹ̀. Ẹ̀yin tí ajá ẹlòmíràn ń dí lọ́wọ́, ẹ sọ ọ́ ní gbangba, ẹ má fi májèlé fèsì. Ọmọdé lè ṣa ẹran náà jẹ.

Mo sì ní àbá méjì fún ìgbìmọ̀. Àkọ́kọ́, kí ẹ̀sùn ariwo ajá máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ kí ó tó di ìjà, kí a sì fi sínú ìlànà àdúgbò wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ so ajá mọ́ ogiri aládùúgbò rẹ̀. Èkejì, 28 oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ni ọjọ́ tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ dìgbòlugi. Kí ẹgbẹ́ máa pe dókítà ẹranko kan wá lọ́jọ́ náà lọ́dọọdún, kí a dáwó jọ, kí a gún gbogbo ajá wa ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì wo àwọn tó ń gbó ju bó ti yẹ lọ. Ohun tí owó ẹnì kan kò ká, owó ẹgbẹ́ á ká a. Ṣebí ohun tí a torí rẹ̀ dá àjẹṣẹ́kù sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tí èrò tirẹ̀ bá yàtọ̀ sí tèmi, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olóòtú. Bí a bá sọ ọ́ síra wa, a óò rí ọ̀nà.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ àjẹṣẹ́kù,
Ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́.